Ọ̀pẹ Tí A Ò Gbìn

“Soazara, kó wọn sínú ìkòkò kíákíá! Oníbàárà máa tó dé.”

Botovao, ẹ̀gbọ́n màmá Soazara, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ látorí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Ọ̀pẹ kún ẹ̀yìn ọkọ̀ náà bámúbámú, àwọn ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ewé wọn máa ń pupa tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Inú igbó nìkan ni wọ́n ń hù, ìjọba sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má hú wọn mọ́. Amọ̀ igbó ṣì lẹ̀ mọ́ ìdí wọn, níbi tí wọ́n ti fi àdá gé gbòǹgbò wọn.

Soazara, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ò mira. Òun àti Noro, màmá rẹ̀, ń ta ọ̀pẹ ọ̀ṣọ́ lẹ́bàá títì ní Toamasina, ìlú kan ní Madagásíkà. Irúgbìn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á rì í sínú iyanrìn tútù, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ fún oṣù púpọ̀ kó tó yọrí. Tí Soazara bá ti ilé ìwé dé, òun ló máa ń fi aṣọ tútù nu eruku àti kòkòrò kúrò lára ewé wọn.

“Mi ò ní fọwọ́ kàn wọ́n, Bàbá,” ló wí. “Ẹ hú wọn nínú igbó, ẹ wá fẹ́ ká sọ pé àwa la gbìn wọ́n.”

Botovao bú sẹ́rìn-ín. “Noro, o gbọ́ ọmọ ẹ? Ó ti di lọ́yà igbó! Ta ló ń fi ọkọ̀ gbé ọjà yín? Ta ló ra aṣọ ilé ìwé tó wà lọ́rùn ẹ yẹn?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ẹ ṣeun. Síbẹ̀, mi ò ní fọwọ́ kàn wọ́n.”

Noro fà á sẹ́yìn. “Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Òtẹ́ẹ̀lì tuntun tó ń bọ̀ wá rajà yẹn lè ra gbogbo ọgbà yìí tán. Ṣáà dákẹ́ lónìí.” Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó wọn sínú ìkòkò.

Nígbà tí Madamu Lalao, tó ń ra òdòdó fún òtẹ́ẹ̀lì náà, dé, ojú rẹ̀ ò kúrò lára àwọn ọ̀pẹ pupa.

“Ẹ̀yin lẹ gbìn wọ́n?”

“Àwa náà ni!” ni Botovao dáhùn, ó sì ṣẹ́jú mọ́ Soazara.

Soazara bọ́ síwájú. “Irọ́ ni, mà. Igbó ni wọ́n ti hú wọn. Wọ́n ti gé gbòǹgbò wọn, gbígbẹ ni wọ́n máa gbẹ. Àwọn tá a gbìn nìwọ̀nyí. Wọ́n kéré, àmọ́ tiwa ni.”

Obìnrin náà padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, kò ra ẹyọ kan. Botovao nawọ́ láti gbá Soazara létí, àfi bí Noro ṣe já sáàárín wọn.

“Ẹ má fọwọ́ kàn án!”

“Ó dáa. Kí n má rí ẹnikẹ́ni nínú yín nínú ọkọ̀ mi mọ́!”

Láti ọjọ́ náà, ọmọlanke ni wọ́n fi ń kó ọ̀pẹ lọ sọ́jà. Ìrẹsì àti ewé ẹ̀gẹ́ gígún lásán ni wọ́n ń jẹ, kò sí ẹja. Àwọn ọmọ ilé ìwé á máa kígbe pé, “Olópàá igbó ń kọjá o!”

“Ẹ yàgò fún olópàá nígbà náà,” ni Soazara á dáhùn. “Ẹrù wúwo!”

Botovao wá ẹlòmíì tó bá a ta àwọn ọ̀pẹ náà. Wọ́n gbẹ sínú ilé àwọn tó rà wọ́n, àwọn yẹn sì lọ fẹjọ́ sùn. Nígbà tó tún padà lọ hú sí i nínú igbó, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó gba ọkọ̀ rẹ̀. Ó fẹsẹ̀ rìn wá sọ́gbà Noro.

“Inú ẹ dùn báyìí, àbí?” ló bi Soazara.

“Rárá, Bàbá. Ọkọ̀ yẹn wúlò fún gbogbo wa. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá tún kó wọn wá lọ́la, ohun tí mo sọ náà ni màá tún sọ.”

Botovao wo Noro, bóyá á bá ọmọ rẹ̀ wí. Noro gbé abọ́ irúgbìn kan wá, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀. “Èmi náà á sọ ọ́,” ló wí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń ràn yín lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ tó bá ní kẹ́ ẹ bá òun purọ́, ẹ kọ̀ jálẹ̀.