Fóòmù Tí Àkànní Jù Sínú Yàrà

Láàárọ̀ Sátidé ìmọ́tótó, kò sẹ́ni tó ń gbálẹ̀ bí Ọ̀gbẹ́ni Àkànní ládùúgbò wọn ní Ìlú Bìní. Ó gbá ilé, ó gbá àgbàlá, ó gbá a dé ojú títì. Inú yàrà àtijọ́, kòtò jíjìn tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká, tó gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjá, ló ń da gbogbo rẹ̀ sí. Fóòmù tó ti jẹrà ló jù síbẹ̀ kẹ́yìn.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí yàrà yẹn."

Olúbùnmi ló sọ̀rọ̀, àbúrò Fọlákẹ́, ìyàwó Àkànní, tó ń bá àwọn tó ń wa ohun àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀ ṣiṣẹ́.

Àkànní ní, "Torí ogun ni wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ. Ogun dà báyìí? Tó bá ti kún, ibẹ̀ ni màá máa gbé mọ́tò mi sí."

"Mọ́tò wo?" Fọlákẹ́ ò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Èyí tí mo fẹ́ rà."

"Ogun nìkan kọ́," ni Olúbùnmi wí. "Àwọn ará àtijọ́ ò mọ ọdún tí òjò máa pọ̀ jù. Wọ́n ṣe ọ̀nà omi sábẹ́ ògiri ilé, yàrà náà sì ń gba àgbàrá. Tẹ́ ẹ bá dí i, ibo lomi máa gbà?"

"Omi ò mọ̀wé tó o kà, jàre."

Ọ̀sán ni òjò dé. Kí wọ́n tó jẹun tán, omi ti wọ pálọ̀. Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì Àkànní ń léfòó lọ, aṣọ àwọn oníbàárà sì wà nílẹ̀. Fọlákẹ́ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé orí tábìlì tí wọ́n ti ń jẹun.

Nǹkan kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, gbì, gbì.

"Wọlé," ni Àkànní wí, ó ṣílẹ̀kùn. Fóòmù rẹ̀ rọra wọlé.

Fọlákẹ́ kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ìdòwú, mọ́tò yín dé."

Àkànní mú ṣọ́bìrì. "Olúbùnmi, ibo lo ní kí omi gbà?"

Ó gbà wọ́n lọ́jọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó kó pàǹtí yẹn kúrò. Nígbà tí òjò mìíràn rọ̀, inú yàrà ni àgbàrá gbà lọ.

Ẹ̀yin ará ilé wa, ẹ kó pàǹtí yín síbi tí akólẹ̀ máa ti rí i gbé. Ẹ má dà á sínú yàrà tàbí gọ́tà, ẹ má sì kọ́lé dí ọ̀nà omi. Ohun tẹ́ ẹ bá jù síbẹ̀ mọ ilé yín.