Ẹ̀dà Kan Kù

Ohùn ẹ̀rọ náà ti yí padà láti òwúrọ̀. Dípò kó máa kùn bí oyin, ó ń mí. Á fà á sínú, á dúró díẹ̀, á tú u síta.

Oníkọ̀ǹpútà kò kà á sí. Iṣẹ́ tó wà lórí àwọn díìsì ńlá tó rọ̀ bí ewé ló ń dà kọ sórí àwọn kékeré tó le, torí kọ̀ǹpútà oníbàárà rẹ̀ kò ní ẹnu tó lè gba ńlá. Bí ọ̀kan bá sì dín nínú wọn, iṣẹ́ ò ní wọ inú kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀ ní Yorùbá: tó bá da ọ̀kan kọ tán, á kọ iye ẹ̀dà tó kù sójú. Àmì ohùn nìkan ni kò rí kọ́ ọ.

Lórí àga gbọọrọ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, bàbá rẹ̀ di àyà mú. Ó yẹ kí wọ́n ti gbé e dé ọsibítù, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lápò oníkọ̀ǹpútà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ìyàwó rẹ̀ sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ojú Bàbá ti ń ṣú."

"Ó ku díẹ̀. Oníbàárà ti ń bọ̀ lọ́nà."

Obìnrin náà yọjú wo ẹ̀rọ. EDA KAN KU.

"Ẹ̀dá kan kú? Ta ló kú?"

"Ẹ̀dà kan kù! Ṣé o ò lè kàwé láìpa èèyàn ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Sọ fún un pé mo ṣì wà níbí o."

Oníkọ̀ǹpútà mú díìsì tó kẹ́yìn. Ó gbóná lọ́wọ́ rẹ̀ bí iwájú orí aláìsàn. Ó tì í bọ ẹ̀rọ lẹ́nu. Ó yẹ kí ẹ̀rọ kọ O TAN.

EDA KAN KU.

Ó wo abẹ́ tábìlì, ó gbọn páálí wò. Díìsì kankan ò sí mọ́.

"Bàbá ń pè yín o."

"Ẹ ní sùúrù, ó ní ó ku ọ̀kan!"

Ó yọ díìsì náà, ó tún tì í bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ fà á sínú, ó dúró. Kò tú u síta.

Ìgbà yẹn ló wá gbọ́ bí yàrá náà ṣe pa lọ́lọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kúnlẹ̀ ti àga, ó di ọwọ́ Bàbá mú. Kò sunkún.

"Mo kà á dáadáa," ló wí.

Oníkọ̀ǹpútà fa okùn iná yọ lára ògiri. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, ó sì tún mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

EDA MEJI KU.

Àwọn méjèèjì nìkan ló wà nínú ilé náà báyìí.

"Kí ló tún kọ?" ìyàwó rẹ̀ béèrè, kò bojú wẹ̀yìn.

Ó la ẹnu, ṣùgbọ́n kò mọ ohùn tí òun máa fi kà á.