Káàdì Wa Nínú Àpò Wimalasiri

Bọ́ọ̀sì wa kò tíì dé ìlú Kandy, ìrẹsì tí a dì sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì gbóná lórí itan wa, nígbà tí Wimalasiri dìde pẹ̀lú àpò dúdú kan. Òun ni aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú tó ní kí abúlé wa wá wo Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin orílẹ̀-èdè wa ní ìlú Kotte.

"Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín wá. Lápapọ̀ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà máa ń gbà á. Ọwọ́ mi ló máa wà títí gbogbo ètò á fi parí."

Ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́fà. Ẹni tí kò ní káàdì, kò ní ìbò. Síbẹ̀ a ń jù ú sínú àpò. Èmi tí mò ń kọ èyí, mo ju tèmi náà.

Ó kan Heen Menike, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ọkọ rẹ̀ olóògbé ru símẹ́ńtì nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé náà. Láti ìgbà yẹn ló ti ń wù ú láti fojú kàn án.

"Ìyá àgbà, tiyín dà?"

"Ó wà níbi tó wà." Ó tẹ àpò kékeré tó ń kó bulath sí, ewé tí àwọn àgbà wa máa ń jẹ lẹ́nu bí obì, mọ́ ìbàdí.

"Wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé o! Inú bọ́ọ̀sì lẹ máa jókòó sí!"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó, ọmọ mi. Ó ti mọ́ mi lára."

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà Ilé Ìgbìmọ̀ ní Kotte, ìyá yìí ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Ó lọ bá ọlọ́pàá obìnrin tó wà níbẹ̀ tààrà.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ̀yin lẹ ń gba káàdì lápapọ̀?"

"Rárá o, màmá. Kálukú á fi tiẹ̀ hàn, a ó wò ó, á sì gbà á padà lójú ẹsẹ̀."

Wimalasiri wúkọ́. "Mo kàn fẹ́ bá wọn tọ́jú ẹ̀ ni."

"Títí di ọjọ́ wo?" ni ọlọ́pàá náà bi í. "Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n máa dìbò lọ́jọ́ Sátidé?"

Ikọ́ mìíràn.

"Ẹ gbọ́ o!" Heen Menike kígbe. "Ó fẹ́ gbé ìbò abúlé lọ sùn sílé ẹ̀!"

Bí a ṣe ya bo àpò náà, àfi bí adìẹ tó rí àgbàdo!

Nínú ilé, ìyá fọwọ́ pa òpó kan fún ìgbà pípẹ́. Ó wo ìjókòó àwọn aṣòfin nísàlẹ̀.

"Ìjókòó yìí rọ̀ o," ni mo wí. "Ta ló gbé àwọn aṣòfin síbẹ̀?"

Ó lu àpò ewé rẹ̀, níbi tí káàdì rẹ̀ wà, pẹ́pẹ́.

Ẹ̀yin ará, ilé aṣòfin, ilé wa ni. Ẹ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ ilé náà ni kí ẹ ti béèrè ìlànà, kì í ṣe lọ́dọ̀ ẹni tó ń wá ìbò. Ẹ fi káàdì yín han òṣìṣẹ́ tó bá yẹ, kí ẹ gbà á padà lójú ẹsẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ bá yín tọ́jú rẹ̀, ẹ bi í ní ọjọ́ tó máa dá a padà. Bó bá ń wúkọ́, ó ti dá yín lóhùn.

Èmi kì í jẹ ewé bulath. Ṣùgbọ́n mo ti ra irú àpò tí wọ́n ń kó o sí, káàdì mi ló wà nínú rẹ̀.