Kí Ó Tó Pe Ení

Ọkùnrin náà ò tíì wọ wọ́ọ̀dù tán tí gbogbo ojú ẹ̀rọ tó ń fi bí ọkàn àwọn aláìsàn ṣe ń lù hàn lórí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì fi ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àkàbà wà léjìká rẹ̀, àpò irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó la ẹnu láti kí wọn káàárọ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan gbé ìka kan sókè sí i, bí olùkọ́ ṣe ń pa ọmọ iléèwé lẹ́nu mọ́.

"Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin..."

Bó ṣe ń kà á ló ń ti ibùsùn kan bọ́ sí èkejì, láti orí èkíní lọ, ó ń fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ àwọn aláìsàn. Ìgbà tó pe àádọ́ta ni àwọn ojú ẹ̀rọ náà padà tàn.

"Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé lọ́sẹ̀ yìí," ló wí. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ̀yin ni oníwáyà tí wọ́n ní ó ń bọ̀ láti ọjọ́ Ajé?"

"Èmi ni. Ẹ má bínú. Ṣé gbogbo ìgbà lẹ máa ń kà á?"

"Kí ni kí n máa ṣe? Kí n máa jó?"

Ọdún kẹwàá tí Oníwáyà ti ń tọ́jú nẹ́tíwọ́kì ilé ìwòsàn náà nìyẹn. Àwọn èèyàn ti bú u, wọ́n ti fi fóònù lé e kiri, dókítà kan tiẹ̀ ti gbá ẹ̀rọ létí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ò kà á fún un rí. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹni tó ń ríran nínú ẹkún nìyí. Ọkàn rẹ̀ fà sí i lójú ẹsẹ̀, kò sì bá ara rẹ̀ jiyàn.

"Ṣé ẹnì kan ti kú láàárín àádọ́ta yẹn?" ló bi í.

Nọ́ọ̀sì wo ojú fèrèsé. Níta, katapílà kan ń gbẹ́ ilẹ̀ fún gọ́tà ilé tuntun.

"Kò tíì," ló dáhùn.

Gbólóhùn kékeré yẹn bá Oníwáyà délé.

Kò pẹ́ tó fi ń rí ìdí láti máa yà ní wọ́ọ̀dù láràárọ̀. Ó ra búrẹ́dì dání, nọ́ọ̀sì a sì po tíì. Níbẹ̀ ló ti ṣàlàyé fún un pé àpótí ìsopọ̀ mẹ́rìndínlógún ló wà káàkiri ilé ìwòsàn, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ lọ́nà méjì méjì. Ọ̀nà kan ṣí, èkejì wà ní títì. Bí méjèèjì bá ṣí pọ̀, ìsọfúnni á máa yípo bí òkòtó, á máa pọ̀ sí i, títí á fi fún gbogbo ilé ìwòsàn lọ́rùn. Nítorí náà, bí ọ̀nà tó ṣí bá já, èyí tó wà ní títì kì í sáré ṣí. Á kọ́kọ́ dúró, á fetí sílẹ̀, á wo ẹni tó wà níbì kan, kó tó gbà kí nǹkan kọjá.

"Àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ọkàn èèyàn kì í fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ yẹn."

"Tèmi fara balẹ̀, adúmáradán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi dúró kí n tó lè pè ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan gbọ́. Ẹnì kan gbọ́. Bàbá rẹ̀ ló wà lórí ibùsùn kejì, tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ ọkàn.

Níta, katapílà ti sún mọ́ ògiri sí i. Abẹ́ ilẹ̀ yẹn gan-an ni wáyà tó tóbi jù gbà. Oníwáyà ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì sí àwọn tó ń kọ́ ilé náà pé kí wọ́n dá a dúró. Wọ́n fèsì pé àwọn mọ ibi tí wáyà gbà, pé ó wà nínú àwòrán. Ẹni tó ya àwòrán náà ti kú láti ọdún kẹfà.

Lọ́jọ́ kan, Baba fi ìka pè é.

"Wọ́n ní ìwọ lo fẹ́ fẹ́ ọmọ mi."

"Èmi ni, sà."

"Tìẹ ti dára. Àádọ́ta tó ń kà kiri yìí ńkọ́?"

"Mo fẹ́ gé e kúrú, sà. Màá sọ fún àwọn àpótí náà pé kí wọ́n má dúró pẹ́ mọ́. Á di mẹ́wàá."

Baba yíjú sí ògiri.

"Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ń ṣí ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú irin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ pẹ́, èrò ń pariwo, ni mo bá ní kí n yára. Mo ṣí ojú irin kejì láìdúró. Ọkọ̀ kan ṣì wà lórí rẹ̀." Ó gbé ìka méjì sókè. "Èèyàn méjì. Mo mọ orúkọ wọn. Mi ò ní fa ọmọ mi lé ẹni tó ń kánjú lọ́wọ́."

Nọ́ọ̀sì sunkún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Bàbá mi kì í yí ọ̀rọ̀ padà. Ojú irin lọ̀rọ̀ rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sí ló máa wà."

Oníwáyà gbàdúrà títí oorun fi gbé e lọ. Ìbéèrè kan ló bá jí, kì í ṣe ìdáhùn.

"Baba," ó wí láàárọ̀, "kí ló yẹ kí ẹ dúró dè lọ́jọ́ náà?"

"Agogo." Ojú Baba rọ̀ díẹ̀. "Tí mo bá fẹ́ ṣí ọ̀nà, màá lu agogo sí ẹnìkejì mi ní ibùdó tó kàn. Òun á kọ́kọ́ ti gbogbo ọ̀nà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, á wá lu agogo tiẹ̀ padà. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, mi ò ní dúró rárá. Kí ni mo tún ń dúró dè?"

Oníwáyà dìde dúró. "Baba, àwọn àpótí wa mọ agogo. Ó wà nínú wọn láti ọjọ́ tí a ti rà wọ́n. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi ló bẹ̀rù, kò jẹ́ kí wọ́n lò ó."

"Tí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ arúgbó tí kò mọ agogo ńkọ́?"

"Lọ́dọ̀ tiẹ̀, a óò padà sí ìdúró àtijọ́."

"Nígbà náà, lọ wá arúgbó yẹn."

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi gun àkàbà. Ó ní ìwé tí orúkọ àpótí mẹ́rìndínlógún wà nínú rẹ̀, ó ń fi ìlà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló mọ agogo, ó sì jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ní kí àwọn nọ́ọ̀sì dúró ti àwọn aláìsàn, ó sì fa wáyà ńlá náà yọ. Olólùfẹ́ rẹ̀ la ẹnu. Kó tó pe ení, gbogbo ojú ẹ̀rọ ti padà.

Méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Aláìsàn méje, ojú ẹ̀rọ méje. Ibùsùn kẹjọ, tó wà lẹ́yìn pákó ìgànná, ṣófo lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ti pa ẹ̀rọ rẹ̀.

"O rí arúgbó yẹn?" ni Baba béèrè.

"Kò sí arúgbó kankan, sà."

"Hmm," ni Baba wí. "Jẹ́ kí n ti iṣẹ́ abẹ dé ná."

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Wọ́n gbé Baba jáde, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí ibùsùn kẹjọ, torí ibẹ̀ ni ariwo ò pọ̀, aláìsàn mìíràn sì ti gba ibùsùn kejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Oníwáyà wá kí i. Baba ń sùn. Ojú Oníwáyà tẹ̀ lé wáyà ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn náà. Wáyà àwọn yòókù wọ inú ògiri. Eléyìí ń gòkè lọ sínú àjà.

Oníwáyà gbé àkàbà, ó gùn ún, ó sì ṣí àjà. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀, eruku bò ó bí ìbora. Wọ́n ti fi í síbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ibùsùn kẹjọ kún wọ́ọ̀dù, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Arúgbó rèé.

Níta, ariwo katapílà dákẹ́ lójijì. Ó ti gé wáyà ńlá náà.

"Ení..." Ó gbọ́ ohùn olólùfẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì gbọ́ bó ṣe dáwọ́ dúró, torí ojú ẹ̀rọ méje ti tàn padà. Ìkẹjọ dúdú. Kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ibùsùn kìíní bó ṣe máa ń ṣe. Ó sáré wọ ẹ̀yìn pákó ní tààrà.

"Bàbá mi!"

Láti orí àkàbà, Oníwáyà rí i tó fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ Baba, tó tún fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, tó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e láyà. Ọkàn Baba kò lù mọ́. Ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, ó ń kà á, ó ń pe dókítà. Oníwáyà di àpótí náà mú. Kò sí ohun tó lè fi ṣe é. Kó fetí sílẹ̀, kó dúró, kó wo ẹni tó wà níbì kan. Òun náà ń kà pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ọgbọ̀n, dókítà wọlé. Ní àádọ́ta, ojú ẹ̀rọ tàn. Ìlà orí rẹ̀ ń fò, ó ṣe ségesège, ṣùgbọ́n ó ń fò.

Ọjọ́ kẹta ni Baba tó lè sọ̀rọ̀. Oníwáyà dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn, kò lè gbójú sókè.

"O rí arúgbó yẹn?"

"Mo rí i, sà. Mo pẹ́ kí n tó rí i."

"Báwo lo ṣe pẹ́ tó?"

Ọmọ rẹ̀ ló dáhùn. "Àádọ́ta, bàbá mi. Ṣùgbọ́n ká ní mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ṣókùnkùn ni, orí ibùsùn kìíní ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ni ǹ bá kàn kẹ́yìn."

Baba wo ọmọ rẹ̀, ó wo Oníwáyà, bí ẹni ń wo ọ̀nà méjì.

"Àwọn méjì tèmi ò jí," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó fi ẹni tó mọ ìwúwo irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ hàn mí. Mú ọwọ́ wá." Ó fi ọwọ́ ọmọ rẹ̀ sínú ti Oníwáyà. "Kò ní lè sùn dáadáa mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kó máa ṣọ́ ọ."

Wọ́n ṣègbéyàwó lóṣù karùn-ún. Baba jókòó níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Nígbà tí pásítọ̀ bi ìyàwó léèrè bóyá ó gbà, ìdáhùn rẹ̀ yára débi pé gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín.

"O ò jẹ́ kí n pe ení," ni ọkọ wí sí i létí.

"Mo ti lu agogo tèmi tipẹ́."

Wọ́n kúnlẹ̀ fún àdúrà. Gbogbo èèyàn dijú. Ìyàwó la ojú díẹ̀, ó rí i pé ojú ọkọ òun ti lọ sí òkè, sí ibi tí wáyà kan ti wọ inú àjà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rọra já a léèékánná lọ́wọ́.

"Wo ibí, olówó orí mi."

Ó wò ó. Ṣùgbọ́n Baba, tí òun náà ò dijú, ti rí ibi tó ń wò. Ó wo òkè náà pẹ̀lú, ó sì mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà tẹ́ lọ́rùn.