Ìwé Ìrìnnà Méjì àti Ọ̀wẹ̀ Yavila

"Èmi? Kí n lọ máa kó ẹrẹ̀? Ẹ gbà mí o!"

Yadira ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí Don Fidencio, olórí abúlé Yavila, ń ti ilé dé ilé pe àwọn ènìyàn síta, tòun ti ṣọ́bìrì léjìká. Ipa omi tó ń ti orí òkè wá sínú oko ti dí. Ọ̀wẹ̀ ti dé nìyẹn. Láwọn òkè Oaxaca wọ̀nyí, wọn kì í bẹ ènìyàn wá sí ọ̀wẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti bàlágà ló gbọ́dọ̀ mú ọwọ́ wá.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Yadira. Los Angeles ni wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ṣì ti ń se oúnjẹ nílé oúnjẹ kan di òní olónìí. Ó ṣì kéré nígbà tí ìyá rẹ̀, Hortensia, gbé e wá sílé, tó sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, nítorí ọmọ tí ará Mẹ́síkò bí sílẹ̀ òkèèrè, ọmọ Mẹ́síkò náà ni. Bó ṣe di oníwèé ìrìnnà méjì nìyẹn: aláwọ̀ ewé ti Mẹ́síkò, aláwọ̀ búlúù ti Amẹ́ríkà. Kò sí òfin tó ní kó ju ọ̀kan nù. Hortensia a sì máa wí fún un pé, "Méjèèjì ni tìẹ. Má fi ọ̀kan yan èkejì jẹ."

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n àgbọ́njù ń da ọmọ yìí láàmú. Ó sáré wọlé, ó sì mú ìwé búlúù jáde.

"Bàbá, ẹ wò ó. Ará Amẹ́ríkà ni mí. Àlejò ni mo jẹ́ níbí. Ṣé àlejò máa ń ṣọ̀wẹ̀ ni?"

"Yéè! Yadira, ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́?" Maricruz ló sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù.

Don Fidencio gba ìwé náà, ó wo àwòrán inú rẹ̀, ó wo ojú Yadira, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún un. "Òótọ́ ni. Ẹ má bínú, èmi ni mo ṣì í. Ẹ káàbọ̀ sí Yavila o, àlejò wa pàtàkì!"

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Yadira náà rẹ́rìn-ín, ó sì padà lọ sùn.

Kò mọ̀ pé ará Yavila kì í jẹ́ kí àwàdà ṣòfò. Nídìí ẹ̀rọ ìlọkà, wọ́n ní, "Ẹ yà fún àlejò!" Àwọn ọmọdé ń kí i pé "Ẹ káàárọ̀ mà!" wọ́n sì ń sá lọ. Ti ìyá ìyá rẹ̀, Doña Eufrosina, ló wá burú jù. Bí Yadira bá ti fẹ́ ṣí ìkòkò, màmá àgbà á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n-ẹ̀n! Àlejò kì í wọ ilé ìdáná. Ẹ lọ jókòó, a ó gbé e wá bá yín." Níbẹ̀rẹ̀ ó dùn mọ́ ọmọ náà. Nígbà tó yá, ó sú u. Kò rí ẹni bá ṣeré mọ́, àfi ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún un.

Ọdún ẹni mímọ́ abúlé dé, pẹ̀lú ìdíje bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n. Ọ̀dọ́ akọ màlúù kan ni ẹ̀bùn rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin Yavila dé ìdíje àṣekágbá, Yadira ló sì ń jù ú sáwọ̀n jù. Ṣé ọmọ náà mọ̀ ọ́n gbá ni!

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Obdulia, olùkọ́ àwọn ọmọbìnrin Lachibé, abúlé kejì tí wọ́n fẹ́ bá gbá a, bọ́ sójú pápá. "Ọmọ abúlé nìkan ló ń gbá bọ́ọ̀lù yìí. Ará Amẹ́ríkà nìyẹn, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́!"

Yadira ti múra sílẹ̀. Ó fa ìwé aláwọ̀ ewé yọ. "Ọmọ Mẹ́síkò ni mí! Òun nìyí gbangba!"

Adájọ́ eré náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì mi orí. "Mẹ́síkò gbà ọ́, Amẹ́ríkà gbà ọ́, kí Ọlọ́run bù kún ọ. Ṣùgbọ́n Yavila ló ń gbá bọ́ọ̀lù lónìí. Ẹni tó bá bá wọn ṣọ̀wẹ̀ ni ọmọ wọn. Ṣé o ṣe é lọ́dún yìí?"

Don Fidencio tẹjú mọ́ fìlà ọwọ́ rẹ̀. Kò sí ará Yavila kan tó máa la ẹnu, nítorí màlúù ń bẹ nídìí òpó, ó ń jẹ koríko. Maricruz di ọwọ́ Yadira mú. "Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni jàre! Ta ló máa tú ọ fó?"

Irọ́ ti dé orí ahọ́n. Àmọ́ ọwọ́ tí Maricruz fi dì í mú le, ó sì rí ìléròrò tí ṣọ́bìrì dá síbẹ̀, tí kò tíì jinná. Ojú tì í dé ìsàlẹ̀ ọkàn.

"Rárá, sà. Mo ní àlejò ni mí. Mo sì padà lọ sùn."

"Háà! Ọmọ yìí pa wá!" ni àwọn ará Yavila ké.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Wọ́n yọ Yadira kúrò, ó sì ku ẹnì kan kí wọ́n tó pé. Ta ló bọ́ síta? Hortensia, ìyá rẹ̀! Ó tú épírọ́ọ̀nù, ó ní, "Mo ti ń gbá a kí wọ́n tó bí yín!" Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó jù, inú ẹnu fèrè ńlá àwọn onífèrè ọdún tó jókòó lẹ́bàá pápá ló kó sí. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Lachibé nà wọ́n bí ẹni na bàrà, wọ́n sì fa màlúù lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Yadira gbé ṣọ́bìrì lọ sí orí òkè, níbi tí apá kan ipa omi náà ṣì ti dí. Ẹrẹ̀ bò ó dé orúnkún. Nígbà tí Don Fidencio dé, kò yìn ín, kò bú u. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, títí omi fi ṣàn.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwọn Lachibé pa màlúù wọn, wọ́n sì pe Yavila wá jẹun, torí pé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Yadira jókòó síkangun bẹ́ǹṣì, ó ń tijú. Kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ṣì ń bínú sí i.

Ohùn Doña Eufrosina la ariwo já. "Yadira! O jókòó bí ìyàwó tuntun! Dìde, lọ gbé ìkòkò ẹ̀wà yẹn wá, kí n tó fi ìpọnbẹ̀ kàn ọ́ lórí!"

"Tó o bá gbé e tán, bu omi wá fún mi!" Don Fidencio náà ké.

"Àwo tèmi ńkọ́, ọ̀lẹ?" ni Maricruz wí.

Ọmọ náà fò dìde. Ó ń sáré sókè sódò, òógùn bò ó, ẹ̀rín ò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìjọba méjì lè pe ọmọ kan ní tiwọn, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ìwé ìlú kan sá fún iṣẹ́ ìlú kejì, nítorí ọwọ́ tí ènìyàn bá mú wá ni ará ilé fi ń mọ̀ ọ́n. Yadira ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, bó ṣe ń gbé ìkòkò ẹ̀wà kọjá láàárín èrò. A kì í rán àlejò níṣẹ́.