Kànga Bàbá Ń Ṣàìsàn

Nírọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, Màmá a gbé àpótí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló gbẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ló ti máa ń bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, àfi bíi pé àwọn méjèèjì jọ ń gbatẹ́gùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó fa omi, ẹnu sì yà á. Àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti àlùkò ń rìn lọ rìn bọ̀ lójú omi náà, wọ́n ń yọ́ wọnú ara wọn.

"Ìyàwó, sáré wá! Bàbá yín ló ń kí mi."

Ìyàwó ọmọ rẹ̀, aránṣọ tí oyún rẹ̀ ti ń wọ̀ ọ́ lára, fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Omi náà dùn-ún wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, òórùn kan sọ sí i nímú.

"Màmá, ó ń rùn bí epo mọ́tò."

"Epo kẹ̀? Nínú kànga tí bàbá ọkọ rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́? Lọ sè é, ó tán."

Ìyàwó kò fẹ́ ya aláfojúdi. Ó gbé e kaná. Bí omi ṣe ń hó, oorú kún ilé ìdáná. Ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í sún jìnnà. Ohùn Màmá ń bọ̀ láti òkèèrè, bí ohùn ojú àlá. Ó ṣubú lulẹ̀.

Orí ló bá a ṣe é tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wọlé lásìkò náà. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yẹ omi wò ló ń bá ṣiṣẹ́. Àǹtí Ṣèwádìí ni gbogbo ilé ń pè é. Ó paná, ó ṣí fèrèsé, ó sì gbé ìyàwó lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní àtìyá àtọmọ wà ní àlàáfíà.

Nígbà tí àyẹ̀wò omi tí Àǹtí bù lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó jókòó ti ìyá rẹ̀.

"Màmá, bẹntiróòlù ló wà nínú ẹ̀. Àgbá mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn ọgbà ló ń jò wọlẹ̀. Iná ń pa kòkòrò àrùn, àmọ́ kì í pa epo. Ó kàn ń lé e sáfẹ́fẹ́ ni, tí ẹ̀ ń fà á símú."

Omi lé róró sójú Màmá. "Kànga ọkọ mi ti kú nìyẹn?"

"Kò kú. Ó ń ṣàìsàn ni."

Àǹtí kán tàdáwà búlúù, bí ẹni pé epo ni, sínú ìgò omi tó mọ́, ó da èédú lúbúlúbú kan sí i, ó mì í. Wọ́n jókòó wò ó. Díẹ̀díẹ̀, bí kùrukùru tó ń ká lójú ọ̀run, àwọ̀ búlúù náà ń ṣá. Èédú rọ̀ sísàlẹ̀, omi mọ́ kedere.

"Níbo ló gbà lọ?" Màmá béèrè jẹ́jẹ́.

"Ó lẹ̀ mọ́ ara èédú. Kì í ṣe èédú ìdáná o. Wọ́n ti fi ooru líle ṣe èyí títí tí ihò tójú ò lè rí fi kún ara ẹ̀ bí afárá oyin. Ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń há sí."

Ó tún kán tàdáwà sí i, ó ń kán an lọ. Nígbà tó yá, omi kọ̀, kò mọ́ mọ́.

"Ó ti yó," ni Màmá wí.

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ká pààrọ̀ ẹ̀ ló kù."

Mẹkáníìkì bẹ̀bẹ̀, ó hú àgbá rẹ̀ kúrò. Omi ibòmíràn ni wọ́n ń mu títí àwọn òṣìṣẹ́ omi fi fọ kànga, tí wọ́n sì so ẹ̀rọ eléèédú tó ń sẹ́ omi mọ́ ọn. Àyẹ̀wò tuntun jáde dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó bu omi náà sẹ́nu. Ìyàwó bí ọmọbìnrin làǹtì-lanti.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí omi yín bá ń rùn bí epo tàbí oògùn, ẹ má mu ún, ẹ má sì sè é. Ẹ ké sí àwọn tó ń yẹ omi wò, kí wọ́n wá ibi tí ìdọ̀tí náà ti ń wọlé, kí wọ́n sì sọ ẹ̀rọ tó yẹ fún yín. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ eléèédú ni, ẹ máa pààrọ̀ èédú rẹ̀ lásìkò, torí kò ní lahùn pé òun ti yó. Èédú kì í sì í pa kòkòrò àrùn; lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti gba epo kúrò, ẹ ṣì máa se omi náà.

Ìfẹ́ ẹni tó gbẹ́ kànga kì í fọ omi. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó mu ún.