Bọ̀dá Tọ́ọ̀ṣì àti Ìyá Lele

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ńlá méjì ni Peijung gbá mọ́ra wọ yàrá àwọn ọmọ tí àìsàn ọkàn ń ṣe nílé ìwòsàn, lọ́jọ́ tí Chingho kọ́kọ́ rí i. Òjò ti pa èjìká rẹ̀ kan, ojú rẹ̀ ń dán, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbé ẹ̀bùn ọba dání. Àfi bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe figbe ta.

"Yéè! Ẹ gbé e jáde! Ẹ gbé e jáde kíákíá!"

Kò sí ilé ìwòsàn kan ní ìlú Kaohsiung tí wọn ò ti mọ̀ pé ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló ń pe èrò. Bó bá fi lè wọlé, kílẹ̀ tó ṣú, aláìsàn á kún dé ẹnu ọ̀nà. Dókítà tó kàwé jù lọ ò jẹ́ fọwọ́ kàn án lẹ́nu iṣẹ́. Ta ni ì bá sọ fún Peijung? Inú oko ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni wọ́n bí i sí ní Kuanmiao. Èyí tó dùn jù lóko ìyá rẹ̀ ló ṣà wá, kó lè fi dúpẹ́ pé wọ́n gba ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ là.

Lele lórúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ọ̀fìnkìn lásán ló kọlu ọkàn rẹ̀ tí ọkàn fi wú, tí kò lágbára láti tu ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara mọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì wà níta ikùn rẹ̀, òun ló ń bá a ṣe iṣẹ́ náà, kì-kì, kì-kì, tọ̀sán-tòru. Chingho ló ń tọ́jú ẹ̀rọ ọ̀hún. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà lọ́jọ́ náà, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí obìnrin tí ìtìjú ti fẹ́ẹ̀ pa kú. Àánú rẹ̀ ṣe é.

"Ẹ kó o fún mi," ló wí. "Ebi ń pa mí."

"Chingho! O ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́!" ni olórí nọ́ọ̀sì pariwo.

"Èmi kì í ṣe dókítà, Màmá. Ẹ̀rọ ni mò ń tọ́jú. Ta ló máa pè wá bá mi, fìríìjì?"

Ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn làwọn méjèèjì ti jẹ ẹ́. Áà, kí wọ́n tó nu ọwọ́ tán, ọmọ mẹ́rin ni wọ́n ti sáré gbé wọlé! Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni olórí nọ́ọ̀sì fi ń bú wọn. Ẹni méjì tí wọ́n bá jọ bú pọ̀, ẹ sá mọ bó ṣe máa ń rí.

"Bọ̀dá Tọ́ọ̀ṣì ti dé!" ni Lele máa ń ké láràárọ̀.

"Kí ló ń gbé inú ẹ̀rọ yìí lónìí?" ni Chingho á bi í.

"Ẹja!"

"Ẹja wo? Ṣé èyí tí ìyá ẹ sè tí kò níyọ̀ yẹn?"

"Ẹnu yín yìí ni ẹ ò ṣe tíì níyàwó," ni Peijung á fèsì.

"Ẹni tó máa lè dá mi lóhùn ni mò ń wá."

Òkun ló gbé baba Lele lọ lẹ́nu iṣẹ́ ẹja pípa, kí ọmọ tó mọ ìrìn. Láti ìgbà náà Peijung ti gbà pé ẹ̀rín ti tán fún òun. Ṣùgbọ́n ní báyìí, kí tọ́ọ̀ṣì tó dé, á ti ya irun. Ìyá rẹ̀ wò ó títí.

"Peijung, ta lò ń yarun fún? Ẹ̀rọ?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́ o!"

Àṣé ayọ̀ ńlá ń bọ̀. Àwọn dókítà ní ọkàn Lele ti ń jí. Wọ́n fẹ́ máa dín agbára ẹ̀rọ kù díẹ̀díẹ̀. Bí ọkàn bá gbà á, wọ́n á yọ ẹ̀rọ. Bí kò bá gbà á, ó di kí wọ́n máa retí ọkàn ọmọ mìíràn, èyí tó lè má dé láéláé. Ẹnu Peijung ni wọ́n ń wò.

"Ká ní ọmọ yín ni," ló bi Chingho, "ṣé ẹ máa gbà kí wọ́n yọ ọ́?"

Chingho pa tọ́ọ̀ṣì, ó jáde kúrò ní yàrá. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn ló gbé tọ́ọ̀ṣì wá. Wọ́n ní Chingho fúnra rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun kúrò níbẹ̀.

Inú bí Peijung gan-an. Ó já wọ yàrá tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ṣe.

"Ẹ ti rí i pé ọmọ mi máa kú, lẹ ṣe sá!"

"Rárá o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀." Chingho dìde. "Lánàá, mo tan iná sí ẹ̀rọ yẹn, mo rí nǹkan dúdú kan bí ẹ̀jẹ̀ tó dì. Òjìji ìka mi lásán ni. Àmọ́ kí n tó mọ̀, mo ti dijú, mo ti ń gbàdúrà kó má jẹ́ òótọ́. Ẹni tó ń gbàdúrà kí òun má rí nǹkan, ṣé òun ló yẹ kó máa wò ó?"

"Kí ló wá fa àdúrà?"

"Ẹ̀yin ni. Mo nífẹ̀ẹ́ yín, mo nífẹ̀ẹ́ Lele. Ẹ má bi mí bóyá kí wọ́n yọ ọ́. Ohun tí mo mọ̀ ti dàpọ̀ mọ́ ohun tí mò ń fẹ́. Ẹ gbọ́ ti àwọn dókítà."

Omi lé ròrò sójú Peijung. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì ń bà á, ó kàn fẹ́ lu ọkùnrin yìí ni.

"Má pè mí ní 'ẹ' mọ́," ló wí. "Má sì wo ẹ̀rọ mọ́. Wá jókòó tì mí."

Wọ́n dín ẹ̀rọ kù, ọkàn Lele gbà á. Wọ́n tún dín in kù, ó tún gbà á! Peijung fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́, Chingho gbàyè níbi iṣẹ́, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, ó jókòó láàárín Peijung àti ìyá rẹ̀ níwájú yàrá iṣẹ́ abẹ. Kò sẹ́ni tó lè jẹun nínú wọn.

Ilẹ̀kùn ṣí.

"Ẹbí Lele dà?"

Obìnrin méjèèjì fò dìde. Chingho ò kúrò lórí ìjókòó, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí eékún. Ìyá àgbà gbá a léjìká.

"Dìde jàre! Ṣé o ò gbọ́ pé wọ́n ń pè wá ni?"

Ó dìde. Dókítà ṣí ìbòmú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "A ti yọ ọ́. Ọkàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, dáadáa ló ń lù." Ìgbà náà ló rí ọkùnrin yẹn. "Chingho! Kí ni tìẹ níbí?"

"Ẹbí ni mí, Dókítà."

"Irọ́ ló ń pa," ni Peijung wí, omijé ń dà lójú rẹ̀, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Kò tíì bi mí bóyá màá fẹ́ ẹ."

"Mo ti ń bi ọ́ báyìí."

"Mo gbà."

Wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì Lele jáde, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tẹ̀ lé e.